Áyódíìnì inú iyọ̀

Ọjọ́rú

Inú mi dùn lónìí. A ti dé orí àwọn halogen (fúlóríìnì, kílóríìnì, áyódíìnì àti àwọn ẹbí wọn) ní SS 2, ọ̀rọ̀ sì kan nọ́ńbà ọ̀sídéṣọ̀n, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń sá fún kẹ́mísìrì. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ iye ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a kà pé átọ́ọ̀mù kan ti gbà (−) tàbí tó ti pàdánù (+). Ọ̀rá iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, mo ní kí wọ́n ka ohun tó wà lára rẹ̀. Potassium iodate, àdàpọ̀ tí áyódíìnì àti ọ́síjìn wà nínú rẹ̀.

Kílóríìnì tó wà nínú iyọ̀ fúnra rẹ̀ wà ní −1. Ó ti rí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tó ń wá gbà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n áyódíìnì tí wọ́n fi sí i nítorí gẹ̀gẹ̀, +5 ló wà: ọ́síjìn mẹ́ta ló yí i ká, tí wọ́n ń fa ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ mọ́ra. Ọmọ kan dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí wọn ò lo iodide tó ti wà ní −1 tẹ́lẹ̀?" Ìbéèrè gidi nìyẹn! Ooru àti ọ̀rinrin ló fà á. Díẹ̀díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ iodide, á di áyódíìnì lásán, ìyẹn 0, á sì fò lọ. Iodate ń fara dà á nínú àpò títí yóò fi dé ìkòkò ọbẹ̀. Tí a bá jẹ ẹ́ tán, inú ara wa ló ti ń padà sí −1.

A bu iyọ̀ sínú àwo funfun, a fi fínígà díẹ̀ sí i, a wá kán omi sítáàṣì tó ní potassium iodide lé e. Kíá, ó di búlúù tó ṣú! Áyódíìnì +5 kan ló pàdé −1 márùn-ún, tí gbogbo wọn jọ di 0, áyódíìnì lásán tó ń sọ sítáàṣì di búlúù.

Ti bílíìṣì ni mo fi ohùn líle sọ. +1 ni kílóríìnì rẹ̀ wà. Ẹni tó bá da ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ọn, +1 yìí àti kílóríìnì −1 inú ásíìdì náà á pàdé, gáàsì kílóríìnì á sì jáde. Gáàsì yìí kan náà ni ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ lójú ogun ní ìlú Ypres ní Belgium ní 1915, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́. Mo ní kí wọ́n sọ fún àwọn ìyá wọn nílé.

Fúlóríìnì ló kàn. −1 nìkan ló ń jẹ́ nínú àdàpọ̀ èyíkéyìí. Ọ́síjìn pàápàá, bó ṣe le tó, +2 ló ń dà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú OF₂.