Ohun tí ọ̀rọ̀ náà sinecure kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ìtumọ̀, nígbà tí èmi náà ṣì wà ní ipò tí ẹ wà lónìí, wọ́n gbé ìwé kan fún mi lórí ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Mo bá sinecure pàdé nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé sine lédè Látìn ni “láìsí”, mo sì mọ̀ pé cure lédè Gẹ̀ẹ́sì jẹ mọ́ ìwòsàn. Láìyẹ ìwé atúmọ̀ èdè kankan wò, mo kọ ọ́ pé àlùfáà náà “gba àrùn tí kò gbóògùn lọ́wọ́ ọba”. Ọ̀gá mi fi bírò pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀, ó ní kí ló wá dé tí àlùfáà náà fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e.

Ara cura ni mo ti ṣì í. Lẹ́nu àwọn ará Róòmù, àníyàn, àbójútó àti ìtọ́jú ni cura; ẹ̀ka kan péré lára rẹ̀ ni ìwòsàn. Ó sì yẹ kí èyí tètè yé ọmọ Yorùbá, nítorí pé bí dókítà ṣe ń tọ́jú aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ le koko. Ìjọ Kátólíìkì wá ń pe iṣẹ́ àlùfáà láàárín àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ní cura animarum, ìtọ́jú ọkàn, ibẹ̀ náà sì ni curé tí àwọn tó ń sọ Faransé ní Bẹ̀nẹ̀ fi ń pe àlùfáà ti wá. Àmọ́ àwọn ipò kan wà tí wọ́n ń pè ní beneficium sine cura: owó ń wọlé fún ẹni tó wà níbẹ̀, kò sì sí ọmọ ìjọ kankan tí ó gbọ́dọ̀ bójú tó. Ní ọ̀rúndún 17, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sì pẹ́ tó fi kúrò nínú ìjọ bọ́ sẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìjọba, fún ipò tó ń gbowó láìṣiṣẹ́.

Láti ìgbà náà, bí mo bá mọ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ kan, mo ṣì máa ń wádìí àwọn tó kọ́kọ́ lò ó àti iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe. Secure pàápàá, cura ló wà nínú rẹ̀: “láìsí àníyàn” ni, nítorí náà nínú ìwé àtijọ́, ó lè jẹ́ ẹni tó fọkàn balẹ̀ nígbà tí ewu wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an, kì í ṣe ẹni tó wà láàbò.

Gbólóhùn tí mo padà kọ ni pé ọba fún àlùfáà náà ní “ipò ìjọ tó ń mówó wọlé, tí kò ní ọmọ ìjọ kan lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀”. Ó gùn, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kò fàlà sí i.