Ṣaworo kan, pomegranate kan

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọyẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́.

Òdòdó mẹ́tàdínlógún ni mo kà lánàá lórí igi eléso mi tí wọ́n ń pè ní pomegranate. Nígbà tí mo máa fi gbálẹ̀ tán láàárọ̀ yìí, mọ́kànlá ti já bọ́. Mo ṣà wọ́n sínú abọ́, mo jókòó tì wọ́n bí ẹni tí olè jà.

Ọdún kẹrin rèé. Àbúrò ọkọ mi ló mú ẹ̀ka rẹ̀ bọ̀ láti Kánò, igi lásán tí kò gùn ju rúlà ọmọléèwé lọ. Mo rì í sínú ike ọ̀dà, ó hù, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́ ẹ. Ìgbẹ́ adìyẹ lóṣooṣù, omi láàárọ̀, omi lálẹ́, abẹ́ òrùlé ni mo sì gbé e sí kí oòrùn má baà jó o. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, kò yọ òdòdó kan ṣoṣo. Màmá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á yọjú lórí fẹ́ǹsì: "Ìyàwó, ẹ̀fọ́ yẹn ò tíì tó já ni?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó máa ń dùn mí.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Igi ilẹ̀ gbígbẹ ni, ìhà Ìráànì ló ti ṣẹ̀ wá, èmi wá ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó gbin kókò sí àkùrọ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tó pọ̀ lápọ̀jù, ewé ló ń sọ ọ́ dà. Lọ́dún tó kọjá mo dáwọ́ ẹ̀ dúró, eérú ìdáná díẹ̀ ni mo ń wọ́n sí i. Mo yọ ọ́ kúrò nínú ike ọ̀dà, mo gbìn ín sínú àgbá tí a gé sí méjì, mo po yanrìn mọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, mo sì gbé e lé búlọ́ọ̀kù kí omi lè rí ihò ìdí rẹ̀ gbà jáde. Iwájú ilé ló wà báyìí, níbi tí oòrùn ti ń pa á láti aago mẹ́sàn-án títí di mẹ́rin. Àwọn ọmọ tó ń sọ nídìí, mo gé wọn. Ẹnu ẹ̀ka ni mi ò fọwọ́ kàn, torí ibẹ̀ ni òdòdó ti ń yọ.

Ṣé ẹ wá rí i pé inú á bí mi sí mọ́kànlá yẹn. Àfìgbà tí mo yí ọ̀kan dojú délẹ̀ tí mo rí i pé ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, ó dà bí agogo. Mo yẹ ìyókù wò, bákan náà ni gbogbo wọn. Mo sáré padà sídìí igi. Nínú mẹ́fà tó kù, mẹ́rin ló nídìí ràbàtà bí ìkòkò kékeré. Irú ìyẹn ló ní ilé ọmọ, òun ló ń di èso. Elágogo ò lè so, akọ ni, jíjá ni yóò já.

Ohun tí a kọ́ sórí ní ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi ló sọ sí mi lọ́kàn, ìṣẹ́tí aṣọ Áárónì nínú Ẹ́kísódù 28: "ṣaworo wúrà kan àti pomegranate kan." Mi ò sọ pé ohun tí Mósè ní lọ́kàn nìyẹn o! Mo kàn rẹ́rìn-ín ni, èmi nìkan.

Mo yọ́ bọ́rọ́ọ̀ṣì àtíkè ọmọ mi mú (ó ti pariwo, ó ti tán), mo fi gba lẹ́búlẹ́bú lára àwọn elágogo méjì tó kù, mo fi ra ojú àwọn oníkòkò mẹ́rin kí wọ́n lè di èso.

Òjò ló ń kọ mí lóminú. Ó tó oṣù mẹ́fà kí èso yìí tó pọ́n, ìyẹn bọ́ sí àárín òjò gan-an, bí ọ̀dá bá sì mú igi náà kí omi tó wá ya lù ú lójijì, èèpo èso á là. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń bomi rin ín báyìí, n kì í jẹ́ kó yẹ̀. Nígbà tí òjò bá dé, ta ni yóò bá mi gbé àgbá sábẹ́ òrùlé? Ọkọ mi ní ẹ̀yìn ń dun òun.

Màmá rí abọ́ mi lórí fẹ́ǹsì. "Ìyàwó, ẹ̀fọ́ rẹ pupa o!" Wọ́n ní kí n fún àwọn ní òdòdó náà, kí ọmọ-ọmọ àwọn máa fi ṣeré. Mo kó mọ́kànlá fún wọn.