Níbẹ̀ wọ́n bi wá pé ọmọ ibo ni wá, níhìn-ín wọ́n ń bi wá pé èló là ń gbà

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, n kò mọ ẹnì kankan tó wá sìkọ́láṣíìpù kó tó wọlé. JAMB àti WAEC la kọ́kọ́ ń bá jà, títí orúkọ èèyàn yóò fi jáde láàárín àwọn tí wọ́n gbà. Ẹni tó bá wọlé tán ló ń gbójú sókè wá owó ìrànwọ́. Ní Houston, ní Amẹ́ríkà, tí mo ti ń tọ́mọ báyìí, ọmọ ilé ìwé girama ló ń ṣe wàhálà yẹn, nígbà tí kò tíì mọ yunifásítì tí yóò lọ. Ìyàtọ̀ kan nìyẹn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń yọ àwa òbí lẹ́nu jù.

Bọ́sárì, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́, la máa ń retí nígbà náà. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò béèrè bóyá bàbá ẹni lówó lọ́wọ́ tàbí kò ní. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ló béèrè. Ọmọ dókítà àti ọmọ ìyá aláta jọ ń gba iye kan náà, bí wọ́n bá ti jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ kan náà. Ẹni tí wọ́n bí sí ìlú mìíràn, tó dàgbà síbẹ̀, àfi kó padà sí ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ gbàwé lọ́wọ́ àwọn tí kò rí i rí. Owó ọ̀hún a sì pẹ́ kó tó dé.

Ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà wà, ó ṣì wà títí dòní. MTN Foundation ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní ọdún kẹta ní ilé ìwé gíga ìjọba, tí máàkì wọn dára. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí àìrówó-san ti lé kúrò ní ọdún kìíní kò lè dé ibẹ̀. Láti 2024 ni NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìgba èlé. Inú mi dùn sí i gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè ni.

Ní Amẹ́ríkà, iye tó ń wọlé fún bàbá àti ìyá ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní FAFSA ló ń bi í, ọ̀fẹ́ sì ni kíkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lè kọ ọ́, ẹni tó ní gíríìn káàdì náà lè kọ ọ́. Ọmọ tó wà níbí lórí físà kò lè rí owó ìjọba àpapọ̀ gbà níbẹ̀. Ẹ̀bùn Pell tó wà fún ọmọ aláìní lè tó $7,395 lọ́dún, ẹni tó bá sì gbà á kò ní san án padà. Ní Texas níbí, láti orí àwọn tó jáde ní 2022 ni wọ́n ti sọ pé kí ọmọ kọ fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó kó tó gboyè girama, àfi bí wọ́n bá fọwọ́ sí i pé àwọn kò fẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń le nínú ilé Yorùbá. Títí bàbá mi fi fẹ̀yìn tì, n kò mọ iye owó oṣù rẹ̀, kò sì sí èyí tó láyà nínú wa láti béèrè. Ọmọ mi wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí n kọ iye tí ẹ̀yin àti Dádì ń gbà." Mo mọ ìdílé tí bàbá ti fa irú ìwé bẹ́ẹ̀ ya, tó ní ta ló fẹ́ mọ iye tí òun ń gbà. Ọmọ náà lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì pẹ̀lú ẹ̀yáwó tí kò yẹ kó jẹ. Ó dùn mí, nítorí ọmọ yẹn mọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò rí ẹni sọ nínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp wa. Owó ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ń wò. Fún ọmọ tó ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 2026, owó tó wọlé ní 2024 ni, kíláàsì kẹwàá lọmọ náà sì wà nígbà tí ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣe ṣíìfù lé ṣíìfù lọ́dún náà, olówó ni yóò jẹ́ lójú fọ́ọ̀mù. Ilé tí ẹ ń gbé níhìn-ín, FAFSA kò kà á. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹ kọ́ sí Ìbàdàn, tí kì í ṣe inú rẹ̀ lẹ ń gbé, ó wà lára ohun ìní tí wọ́n ń béèrè. Ẹ má fi í pamọ́. Orúkọ ọmọ yín wà lórí ìwé náà pẹ̀lú tiyín. Owó oògùn màmá wa nílé, owó ilé ìwé àwọn àbúrò, FAFSA kò yọ ọ́ kúrò. Fọ́ọ̀mù kejì tí College Board ń ṣe, CSS Profile, tí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni ń béèrè, ní àyè tí a ti lè ṣàlàyé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé àwa òbí ń sáré tẹ̀lé àwọn sìkọ́láṣíìpù olókìkí nìkan. Coca-Cola ń fún ọmọ 150 ní $20,000 lọ́dọọdún, láti gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Kí ọmọ wa gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe kéré tó. Ọ̀dọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ ni owó tó pọ̀ wà. Yunifásítì Rice wà nínú ìlú wa níbí, owó tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn wa, wọn kì í tiẹ̀ ya ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni láti 2019 ni wọ́n ti ń ṣe ètò kan níbẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n bá gbà wọlé: bí owó tó ń wọlé fún ìdílé wọn lọ́dún kò bá tó iye kan, tí ohun ìní wọn kò sì pọ̀ jù, owó ẹ̀kọ́, ibùgbé àti oúnjẹ di ti ilé ìwé. Àwọn tí tiwọn ju iye yẹn lọ, tí kò sì pọ̀ jù, kò ní san owó ẹ̀kọ́. Ẹ tún kíyè sí i pé bí ọmọ bá gba owó níta, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan máa ń dín tiwọn kù. Ìpínlẹ̀ Maryland ló kọ́kọ́ ṣòfin láti dá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tiwọn lẹ́kun rẹ̀, ní 2017.

Ti ìwé ẹ̀rí ìwà náà yàtọ̀. Nílé, èèyàn ńlá là ń wá: kábíyèsí, bíṣọ́ọ̀bù, alága ìjọba ìbílẹ̀. Níhìn-ín, tíṣà tó rí ọmọ nígbà tí ìṣirò ń le fún un, tó sì rí i bó ṣe tún un ṣe, ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ wa kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ara wọn nínú àròkọ, a ti kọ́ wọn pé kí wọ́n má máa fọ́nnu. Ọmọ tó ń gbé àbúrò rẹ̀ láti ilé ìwé lójoojúmọ́, tó ń se oúnjẹ alẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, á ní òun kò ní ohunkóhun láti kọ. Common App, fọ́ọ̀mù kan tí ọmọ lè fi wá àyè sí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní àyè fún ojúṣe nínú ilé, iṣẹ́ gidi ni wọ́n kà á sí.

Lẹ́tà owó máa ń dé ní oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ń fẹ́ èsì kí ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún tó kọjá. Bí owó náà kò bá tó, ẹ lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó pé kí wọ́n tún un wò. Ẹ so rìsíìtì owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé mọ́ ọn, pẹ̀lú ìwé ilé ìwòsàn màmá, kí ẹ sì kọ ọ́ kúkúrú. Wọn lè sọ pé rárá, wọ́n sì lè fi owó kún un.