Lẹ́tà mélòó ló wà nínú Òṣogbo?

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń kọ àlàyé ní Yorùbá sórí àwọn function (ègé kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan) inú mbyte.c, fáìlì tí Vim, ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà, fi ń ka báìtì (nọ́ńbà kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀), fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi l'Ókè-Fìà. Iná ti lọ, bátìrì láàpútọ́ọ̀pù ń kú lọ, function méjì, utf_ptr2len àti utfc_ptr2len, ò sì jẹ́ n dìde.

"c" kan péré ló yà wọ́n. Abẹ́ méjèèjì ni mo kọ "ó ń ka báìtì lẹ́tà kan" sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wò ó, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, kí ló wá dé tí wọ́n fi jẹ́ méjì?"

Ẹnu mi wọhò.

Mo tẹ ọ́, mo gbé kọ́sọ̀ lé e, mo tẹ g8, àṣẹ Vim tó ń fi báìtì hàn. Ohun tó jáde ni: e1 bb 8d + cc 81. Báìtì 3 fún ọ, 2 fún àmì ohùn, torí Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà, ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́. utf_ptr2len máa ní 3, kò ka àmì ohùn sí. utfc_ptr2len máa ní 5.

"Lẹ́tà" tí mo kọ yẹn ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ẹ wo Òṣogbo fúnra rẹ̀: báìtì 9, Unicode ka 6, ìyá mi tó kọ́ mi ní a, b, d máa ní 5 ni, torí gb kì í ṣe méjì lójú tiwọn. (Ìyá mi ni mo gbè.)

Mo ti pa "lẹ́tà" rẹ́. Ó ku function mọ́kànlá.