Kí ọjà tó kúrò ní Kugbo: bí a ṣe ń kó ọjà fún áréà káńsù ní Abuja

Dẹ́sìkì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, oògùn ilé ìwòsàn abúlé, ìwé àti yíǹkì ọ́fíìsì, páìpù kànga ẹ̀rọ, iná ojú títì: gbogbo rẹ̀ ni áréà káńsù (ìjọba ìbílẹ̀) mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Abuja ń rà lọ́wọ́ oníṣòwò. AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Nyanya, Kubwa àti Lugbe ló gbà pé ẹni tó mọ alága nìkan ni iṣẹ́ yìí wà fún. Mímọ ènìyàn lè mú kí wọ́n pè yín, ṣùgbọ́n kì í san owó. Ìwé mẹ́rin tó bára wọn mu ló ń san owó: LPO (ìwé tí káńsù fi ní kí ẹ kó ọjà wá), ìwé ìfijíṣẹ́ ọjà, SRV (ìwé tí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ fi jẹ́rìí pé òun gba ọjà) àti invoice (ìwé tí ẹ fi béèrè owó). Ẹni tí kò bá tíì mọ bí ìwé mẹ́rin yìí ṣe ń so pọ̀, kó jẹ́ kí ọjà ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà ní Kugbo ná.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìjọba tí ẹ fẹ́ bá ṣòwò. Nyanya wà lábẹ́ AMAC, àmọ́ tí ẹ bá ti kọjá sí Mararaba, ìpínlẹ̀ Nasarawa lẹ dé yẹn, ìjọba ìbílẹ̀ Karu, òfin ìpínlẹ̀ sì ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Kaduna náà ní òfin ìrajà ìjọba tirẹ̀ láti ọdún 2016. Ní Abuja, Public Procurement Act ti ọdún 2007 ni ìpolówó tẹ́ńdà (ìdíje fún iṣẹ́ ìjọba) máa ń tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ ibùgbé yìí kan owó orí pẹ̀lú: olùdarí ilé-iṣẹ́ tó ń sùn ní Mararaba, ìpínlẹ̀ Nasarawa ló yẹ kó san owó orí ara rẹ̀ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà Wuse ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà.

Ìwé tí wọ́n ń béèrè kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti káńsù kan sí òmíràn. Ìforúkọsílẹ̀ CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀) pẹ̀lú ìwé tó fi orúkọ àwọn olùdarí hàn, ìwé ẹ̀rí owó orí ilé-iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta tó kọjá, tó jẹ́ pé FIRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, ló ń fúnni tẹ́lẹ̀, kí Nigeria Revenue Service tó gba iṣẹ́ náà lọ́dún 2026, ìwé PenCom (àjọ owó ìfẹ̀yìntì), ti ITF (àjọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́) àti ti NSITF (àjọ tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́), IRR (ìwé ìforúkọsílẹ̀ oníṣòwò) láti BPP, àjọ tó ń mójú tó ìrajà ìjọba, ìṣirò owó ọdún mẹ́ta tí akáwùńtáǹtì tó ní àṣẹ fọwọ́ sí, lẹ́tà báǹkì, àti ẹ̀rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ẹ ti ṣe rí.

Ìwé PenCom, ITF àti NSITF ló máa ń dá ènìyàn dúró. PenCom kan ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá pé 15: ilé-iṣẹ́ á dá 10% owó oṣù, òṣìṣẹ́ á dá 8%, wọ́n á sì ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún àwọn òṣìṣẹ́. ITF kan ẹni tó ní òṣìṣẹ́ 5, tàbí tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó ₦50 mílíọ̀nù, 1% àpapọ̀ owó oṣù ọdún kan ló sì ń gbà. NSITF náà ń gba 1% tirẹ̀. Gbogbo ìwé yìí ló ń kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ti owó orí náà ń bá wọn kú. Ìdí nìyẹn tí oṣù kìíní fi jẹ́ oṣù iṣẹ́ fún ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí tẹ́ńdà jáde, àwọn àjọ yìí á wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á ka owó ọdún tí kò san, gbèsè náà á sì gba àkókò kọjá ọjọ́ tí wọ́n á ti àpótí tẹ́ńdà.

Ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ ní àbùkù. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé kò sí olùdarí tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà jìbìtì, pé ilé-iṣẹ́ kò wọko gbèsè, pé òṣìṣẹ́ káńsù tàbí ti BPP kankan kò ní ìpín nínú rẹ̀, àti pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ kọ. Gbólóhùn kan tó bá sọnù níbẹ̀ tó láti fi yọ yín.

Ọjà kékeré kì í dé inú ìwé ìròyìn. Káńsù á béèrè iye owó lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta tí kò sí nǹkan kan tó pa wọ́n pọ̀. Kí wọ́n tó lè béèrè lọ́wọ́ yín, wọ́n ní láti mọ̀ pé ẹ wà. Ẹ kọ lẹ́tà sí alága, kó gba ọwọ́ ẹni tó ń mójú tó ìrajà kọjá, ẹ dárúkọ ọjà méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ mọ̀ dunjú, kì í ṣe "gbogbo iṣẹ́". Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èyí tí ẹ ó mú lọ.

Àṣà burúkú kan ti ta gbòǹgbò níbí. Ẹnì kan á kó lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì ilé-iṣẹ́ mẹ́ta dání, á kọ owó mẹ́ta, á jẹ́ kí tirẹ̀ kéré jù. Àwọn ènìyàn ń pè é ní ọgbọ́n, ẹ̀wọ̀n ló sì jẹ́. Abala 58 òfin ọdún 2007 kọ ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 10 fún irú àjọgbìmọ̀ jìbìtì bẹ́ẹ̀, láìsí pé a lè fi owó ìtanràn rọ́pò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá lọ́wọ́ sí i kò ní gba iṣẹ́ ìjọba fún ọdún 5 ó kéré tán, á sì san 25% iye iṣẹ́ náà. Gígé iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́ kó má baà dé tẹ́ńdà wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ní kẹ́ ẹ bá òun wá lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì méjì mìíràn, ẹ kọ̀ fún un.

Fún tẹ́ńdà gbangba, òfin fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán láti ọjọ́ ìpolówó. Owó fọ́ọ̀mù, tí wọ́n bá gba owó fọ́ọ̀mù, àkáǹtì káńsù ló ń lọ, kì í lọ sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá béèrè owó ìdúró (ẹ̀rí pé ẹ kò ní sá kúrò nínú tẹ́ńdà), gàráńtì báǹkì tí kò ju 2% iye tí ẹ kọ ni. Bí wọ́n bá ní àpò méjì, ìwé ẹ̀rí nínú ọ̀kan, owó nínú èkejì, ẹ má jẹ́ kí iye owó kankan yọjú nínú àpò àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ nínú lẹ́tà ìkíni. Ẹ fi nọ́ńbà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ dì í pọ̀ dáadáa. Ìwé tó tú ká lórí tábìlì ni ojú ìwé rẹ̀ ń sọnù. Ẹ dé pẹ̀lú wákàtí kan nílẹ̀. Tí àpótí bá ti pa ní agogo 12, ti agogo 12 kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ti pẹ́, wọ́n á dá a padà láìṣí i. Kẹ́ ẹ sì jókòó títí wọ́n á fi ṣí àpótí, nítorí gbangba ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ka orúkọ àti iye owó gbogbo yín. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí owó ti ń sọnù jù lọ ni iye tí ẹ kọ. Ká ní Abaji fẹ́ dẹ́sìkì 100. Káfíńtà ní Kugbo gbà ₦42,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦4,200,000. Ọkọ̀ akẹ́rù gba ọ̀nà Lokoja lọ, ₦350,000. Àwọn alábàárù níbí àti lọ́hùn-ún, ₦60,000. Ẹ yá owó ọjà náà ní èlé 3% lóṣù, ẹ retí owó lẹ́yìn oṣù mẹ́rin: ₦504,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦5,114,000. Ẹ wá kọ ₦60,000 lórí dẹ́sìkì kan, ó di mílíọ̀nù mẹ́fà, èrè sì dà bíi pé ó pọ̀.

Bí ẹ bá kọ VAT (owó orí ọjà) 7.5% sí ìlà tirẹ̀, invoice á jẹ́ ₦6,450,000. Káńsù á yọ VAT ₦450,000, á yọ 2% owó orí ìdádúró (owó orí yín tí wọ́n yọ sílẹ̀ ṣáájú), tó jẹ́ ₦120,000, ₦5,880,000 á wọ àpò yín. Èrè jẹ́ ₦766,000. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ mílíọ̀nù mẹ́fà lásán, wọ́n á gbà pé VAT ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n á yọ VAT ₦418,605, wọ́n á yọ owó ìdádúró ₦111,628, ₦5,469,767 ni yóò kù. Èrè ti di ₦355,767. Kí owó sì wá pẹ́ oṣù méje dípò mẹ́rin, èlé oṣù mẹ́ta sí i jẹ́ ₦378,000, ẹ ti pàdánù ₦22,233 lórí dẹ́sìkì tí ẹ tà fún ìjọba. Ìlà kan tí a kò kọ ló fà á. (Látìgbà tí ọdún 2025 ti bẹ̀rẹ̀ ni owó ìdádúró lórí ọjà ti jẹ́ 2%, ẹni tí kò ní TIN (nọ́ńbà owó orí), ìlọ́po méjì ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀.)

Ẹ má ra nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, ì báà ṣe alága fúnra rẹ̀ ló pè yín. Ẹ dúró de LPO, kí ẹ sì kà á: nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́, iye ọjà, owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìfọwọ́sí, àti orí ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì tí owó yóò ti jáde. Ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì yìí ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ akápò: ṣé owó ṣì kù níbẹ̀? LPO tí kò ní owó lẹ́yìn kò yàtọ̀ sí ìlérí. Tí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní owó ìṣáájú, wọ́n á béèrè gàráńtì báǹkì tàbí ti ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò, àti gàráńtì ìparí iṣẹ́ tí kò dín sí 10% iye iṣẹ́. Ẹ ka owó gàráńtì wọ̀nyí mọ́ ìnáwó.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ọjà dé, ẹ jẹ́ kó jẹ́ àárọ̀ láàárín Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè. Bí ọkọ̀ bá dé lọ́sàn-án Fráídè, Jímọ̀ ti kó ọ́fíìsì tán, ọjà á sun ìta títí di Mọ́ńdè, tí ohunkóhun bá sì ṣẹlẹ̀ sí i, ọrùn yín ló wà. Ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ á ka LPO, á ka ọjà. Bí LPO bá sọ pé férémù irin onígun mẹ́rin àti pákó tó nípọn ínṣì kan, tí ẹ gbé férémù igi wá, kò ní fọwọ́ sí i, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní Kugbo, ẹ fi ìwọ̀n wọn pákó náà, ẹ mì ẹsẹ̀ dẹ́sìkì kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ibi tí wẹ́dà ti jó o. Bí 94 péré bá dé nínú 100, kó kọ 94 sínú SRV, kí ẹ sì kọ 94 sínú invoice. Àwọn kan máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kó kọ 100, mẹ́fà ń bọ̀ lọ́la. Ọ́dítọ̀ á ka ìwé ìfijíṣẹ́, á rí 94, fáìlì á padà sẹ́yìn, ẹni tó fọwọ́ sí i á sì wà nínú wàhálà pẹ̀lú yín. Ẹ gba ẹ̀dà SRV kí ọkọ̀ tó ṣí. Orúkọ, ọjọ́ àti òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, invoice á pàdé LPO àti SRV, wọ́n á ṣe ìwé ìsanwó, ọ́dítọ̀ á wò ó, akápò á sanwó. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi invoice sílẹ̀, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà yín, torí pé láti ọjọ́ yẹn ni òfin ti ń ka 60 ọjọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ owó ti pẹ́, èlé sì lè tọ́ sí yín. Ẹ tètè lé fáìlì kí oṣù Kejìlá tó dé. Owó tí wọn kò san di ọjọ́ 31 di gbèsè tí bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tuntun gbọ́dọ̀ tún gbà wọlé, bí alága bá sì yí padà, tuntun á kọ́kọ́ ní kí wọ́n yẹ gbogbo gbèsè wò. Ẹni tó ní ẹ̀dà ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń la ìyẹ̀wò yẹn kọjá.

Bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ nínú tẹ́ńdà, ọjọ́ iṣẹ́ 15 lẹ ní láti ọjọ́ tí ẹ mọ̀, láti kọ̀wé sí ọ̀gá tó ń mójú tó owó níbẹ̀. Òun náà ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti dáhùn. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ló kù láti gbé e lọ sí BPP. Ẹ kọ nọ́ńbà tẹ́ńdà, iye owó tí wọ́n kà ní gbangba, àti ibi tí wọ́n ti kọjá òfin.

Lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, ẹ má kúrò lọ́dọ̀ akápò láìgba ìwé ẹ̀rí 2% tí wọ́n yọ. Owó orí yín ni wọ́n ti san sílẹ̀ yẹn, ìwé náà lẹ ó sì fi yọ ọ́ nínú èyí tí ẹ máa san kí ẹ tó gba ìwé ẹ̀rí owó orí ní oṣù kìíní.