Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta, ìpinnu kan náà

Ó ti mọ́ mi lára láti kékeré, mo máa ń kọ ìwàásù sílẹ̀. Bí oníwàásù bá ti la ẹnu báyìí, bírò mi ti wà lórí ìwé. Yíǹkì pupa ni mo fi ń fa ìlà sábẹ́ ẹsẹ Bíbélì, búlúù ni mo fi ń kọ àlàyé. Nígbà tó yá, wọ́n fi mí ṣe olùkọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, àwọn èèyàn a sì máa wá yá ìwé mi kà. Orí mi a wú. Mo gbà lọ́kàn mi pé ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sílẹ̀ tó báyìí, ó ti ń ṣe é nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń múra ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì sílẹ̀. Mátíù orí 5, ẹsẹ 23 àti 24 ló kàn: bí o bá mú ọrẹ rẹ wá síbi pẹpẹ, tí o wá rántí níbẹ̀ pé arákùnrin rẹ ní ohun kan nínú sí ọ, fi ọrẹ náà sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí o kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Mo ti kọ́ni ní ẹsẹ yìí rí, ìdí nìyẹn tí mo fi lọ tú àwọn ìwé mi àtijọ́, kí n má baà dá ara mi lágara lásán. Mo rí i nínú ọ̀kan. Nísàlẹ̀ ojú ewé, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Màá lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí." Mo mọ ẹni tí mo ń bá wí. Mo ṣí ìwé mìíràn tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ẹsẹ kan náà, ìpinnu kan náà. Àyà mi já. Mo ṣí ẹ̀kẹta. Ó wà níbẹ̀ gbọnrangandan, mo tilẹ̀ fi yíǹkì pupa fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi àti ẹni náà jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Abẹ́ mi ló wà nígbà yẹn. Mo ṣi owó kan kọ, iye tí mo kọ kò bá èyí tó wọlé mu. Nígbà tí àwọn ọ̀gá rí i, wọ́n bèèrè ẹni tó kọ ọ́. Mo dákẹ́. Ọwọ́ tirẹ̀ ni ìwé náà wà kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ìwé ìbáwí sí i, wọ́n bú u níwájú gbogbo wa, wọ́n sì fi ìgbéga tó yẹ kó gbà lọ́dún náà dù ú. Ohun tí mo ń fi tu ara mi nínú ni pé n kò purọ́ mọ́ ọn. Òótọ́ ni. N kò la ẹnu rárá, ẹnu tí n kò là yẹn gan-an ló dá a lẹ́bi.

Jákọ́bù kọ ọ́ ní orí 1, ẹsẹ 22, pé ká jẹ́ olùṣe ọ̀rọ̀ náà, ká má ṣe jẹ́ olùgbọ́ nìkan, ká má baà tan ara wa jẹ. Tẹ́lẹ̀, àwọn alábòsí ni mo rò pé ó ń bá wí, àwọn tó ń ṣe bí ẹni mímọ́ níta tí wọ́n ń ṣe ibi ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n alábòsí ń tan ẹlòmíràn jẹ, òun fúnra rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ara mi ni èmi ń tàn. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti kọ "màá lọ bá a" sílẹ̀, ọkàn mi a fúyẹ́ bí ẹni tó ti lọ tó ti bọ̀. Omijé tó bọ́ lójú mi nígbà ìwàásù, "Àmín" tí mo fi gbogbo ohùn ṣe, gbogbo rẹ̀ ni ọkàn mi ń kà sí iṣẹ́ tí mo ti ṣe. Jákọ́bù sọ̀rọ̀ ẹni tó wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí, tó lọ, tó sì gbàgbé bó ṣe rí. Tèmi tún burú ju ìyẹn lọ: n kò gbàgbé. Mo ya àwòrán ìdọ̀tí ojú mi pamọ́ sínú ìwé mẹ́ta, n kò sì bọ́jú.

Ohun tí Ọlọ́run sọ fún Esekiẹli ní orí 33 tún wá sí mi lọ́kàn. Àwọn èèyàn á wá jókòó síwájú wòlíì náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dùn mọ́ wọn létí bí orin ìfẹ́ tí olóhùn iyọ̀ ń kọ, tó sì mọ ohun èlò orin lò dáadáa, wọn á gbọ́, wọn ò sì ní ṣe é. Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó sọ pé Esekiẹli ò mọ ìwàásù ṣe. Àdídùn rẹ̀ gan-an ló kó bá wọn. Látìgbà náà ni mo ti ń fura sí ìwàásù tó bá dùn mọ́ mi jù.

Mo pe olùkọ́ kejì lálẹ́ Sátidé náà, mo ní kó bá mi kọ́ kíláàsì lọ́la. Ó bi mí bóyá ara mi ò yá. Mo ní ara mi le, ọrẹ ni mo fi sílẹ̀ níbi pẹpẹ. Kò yé e, n kò sì ṣàlàyé.

Nígbà tí mo dé ilé ọkùnrin náà, mo fẹ́ fi ẹsẹ Bíbélì ṣe ìfáárà. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ dé ìdajì, ó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ̀ tipẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni." Gbogbo ìfáárà mi dàwátì. Mo ní kó dákun, kó dárí jì mí. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé: "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Àmọ́ inú yàrá yìí kọ́ ni wọ́n ti bú mi."

Ó tẹ́ mi lọ́rùn ká sọ pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Mo ti lọ, mo ti bẹ̀bẹ̀, kí ló tún kù? Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń bá ara mi fà á. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn (ojú ń tì mí láti sọ ọ́), mo ti ń múra láti jẹ́rìí nínú ìjọ nípa bí Ọlọ́run ṣe fún mi ní oore-ọ̀fẹ́ láti lọ bẹ arákùnrin mi. Ìyàwó mi ló dá mi dúró. Ó ní: "Ẹ ti lọ bá àwọn ọ̀gá yín ná?" Mo ní rárá. Ó ní: "Ẹ jókòó nígbà náà." Ká ní mo jẹ́rìí ọ̀hún ni, ìyẹn náà ì bá di ìwé kẹrin.

Sákéù, agbowó-òde tó gun igi kó lè rí Jésù, ni mo padà sí. Ní Lúùkù 19, ẹsẹ 8, ó dìde dúró, ó sì sọ̀rọ̀ sókè: ìdajì ohun ìní rẹ̀, kó lọ fún àwọn tálákà, ẹni tí òun bá sì ti fi èrú gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, òun á san án padà fún un ní ìlọ́po mẹ́rin. Ó dá iye. Ó sì ṣeé ṣe fún un láti mú èyí tó rọrùn. Nínú òfin, Númérì orí 5, ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ á dá gbogbo ohun tó gbà padà, á sì fi ìdá márùn-ún rẹ̀ kún un. Ìlọ́po mẹ́rin ni ìtanràn olè tó jí àgùntàn gbé, tó pa á tàbí tó tà á, bó ṣe wà ní Ẹ́kísódù 22. Sákéù fọwọ́ ara rẹ̀ mú ìtanràn olè. Bẹ́ẹ̀ Lúùkù ò kọ ìwàásù kankan sílẹ̀ tí Jésù ṣe fún un nípa owó. Ohun tí a rí kà ò ju pé kó tètè sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, nítorí pé ilé rẹ̀ ni òun máa wọ̀ sí lónìí. Èmi tí mo ní ìwé àkọsílẹ̀ kún àpótí!

Lọ́jọ́ kẹwàá, mo kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá wa. Mo kọ ohun tí mo ṣe síbẹ̀, mo kọ orúkọ ẹni tó jìyà rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbà. Ẹnu dùn ún ròfọ́ o. Ohùn mi gbọ̀n débi pé wọ́n ní kí n tún un sọ. Wọ́n yọ ìwé ìbáwí kúrò nínú fáìlì rẹ̀, wọ́n kọ tèmi sí mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá ọdún tó sọnù padà fún un. Mo jókòó ṣírò ohun tí ìgbéga yẹn ì bá fi kún owó oṣù rẹ̀, mo fi ìdá márùn-ún lé e (agbára mi ò gbé ti Sákéù), mo sì gbé e lọ fún un. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí mo fi òfin Númérì hàn án, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó sì gbà á.

Ẹnì kan nínú kíláàsì wa gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó bi mí bóyá kì í ṣe pé mo ń fi iṣẹ́ ra ìgbàlà, ṣebí oore-ọ̀fẹ́ ni. Oore-ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ka Éfésù 2, ẹsẹ 8 àti 9, kó má ṣe pa Bíbélì dé kó tó ka ẹsẹ 10, níbi tó ti sọ pé a dá wa fún iṣẹ́ rere. Jésù ti gbà láti wọ ilé Sákéù kí Sákéù tó dárúkọ owó kankan.

Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ dà bí mi sọ ni èyí: ẹ wo bí ìpinnu yín ṣe rí lórí ìwé. "Màá túbọ̀ nífẹ̀ẹ́ àwọn èèyàn," afẹ́fẹ́ lásán ni. Orúkọ ta ni? Ọjọ́ wo? Kí ni yóò ná ọ? Bí mi ò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo mọ̀ pé mo tún ti fẹ́ tan ara mi nìyẹn. Ẹ má sì kó o jọ. Ìwàásù Jésù lórí òkè, Mátíù 5 dé 7, ẹsẹ 111 ni. Oṣù méjì gbáko ni mo lò lórí ẹyọ kan nínú rẹ̀, pé kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ iye ìgbà tí mo ń sọ pé "mo ti wà lójú ọ̀nà" nígbà tí n kò tíì wẹ̀.

Inú ilé ló sì le jù. Lẹ́yìn tí Jákọ́bù sọ̀rọ̀ dígí tán, kò mẹ́nu ba ààwẹ̀ tàbí ìṣọ́ òru. Ahọ́n ló kọ́kọ́ kàn, ká kó o níjàánu, ó tó wá kan ọmọ òrukàn àti opó. Mo gbìyànjú láti jẹ́ kí ìyàwó mi sọ̀rọ̀ parí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìjẹ́ pé mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó wò mí títí, ó ní ṣé kò sí o.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò gbọ́dọ̀ fò. Àwọn kan máa ń mú ẹsẹ "lọ bá a làjà" yìí lé ẹni tí wọ́n ń lù nílé, tàbí ẹni tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀, pé kó padà lọ bá ẹni tó ṣe é ní ibi. N kò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó jẹ̀bi ni ẹsẹ yẹn ń rán níṣẹ́, ẹni tí ẹlòmíràn ní ohun kan nínú sí. Kò sí níbẹ̀ pé kí ẹni tí wọ́n nà padà lọ jókòó sábẹ́ pàṣán. Bó o bá sì rí i pé ìjẹ́wọ́ rẹ á kàn mú kí ọkàn rẹ fúyẹ́, tí yóò sì tún da egbò ẹlòmíràn rú, wá àgbà kan tó mọ nǹkan kó o tó la ẹnu.

Èmi àti ọkùnrin yẹn ò di ọ̀rẹ́ o. Bí mo bá kí i, ó ń dáhùn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò pè mí. Ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́, mo sì lọ. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì fún mi ní àga.

Ìwé kan ṣoṣo ni mo ń lò báyìí, ó sì tín-ín-rín. Orúkọ tó wà ní ojú ewé ti ọ̀sẹ̀ yìí, ọjọ́ mẹ́rin rèé tí mo ti kọ ọ́ síbẹ̀. N kò tíì lọ.