Ojú Ìwé Ìtajà tó Yẹ Fóònù

Inú mi ń dùn bí àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta, ṣe ń gbé ọjà wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó ń ká mi lára pé ọ̀pọ̀ ojú ìwé ìtajà kò rò ti oníbàárà tó jẹ́ pé fóònù nìkan ló ní.

Àwòrán aṣọ kan ṣoṣo, bí kámẹ́rà ṣe yà á gan-an, lè wúwo tó mẹ́gábáìtì 4. Kí ó tó jáde tán, dátà ti ń jó, oníbàárà sì ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìlànà Google ni pé kí ohun tó tóbi jù lójú ìwé fara hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín àwòrán kù, àmọ́ kí ó má kéré débi tí ojú kò ní rí bí aró ṣe mu aṣọ, nítorí ohun tí à bá yẹ̀ wò lọ́jà gan-an nìyẹn.

Ẹ kọ iye owó síbẹ̀ gbangba, àti owó ìfiránṣẹ́ pẹ̀lú. Bọ́tìnnì ìsanwó ńkọ́? WCAG 2.2, ìlànà àgbáyé fún mímú kí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì rọrùn láti lò fún gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn aláàbọ̀ ara, tó jáde ní ọdún 2023, ní kí ibi títẹ̀ má kéré ju píksẹ́lì (ẹyọ tíntìntín tí a fi ń wọn ohun tó wà lójú fóònù) 24 níbùú àti lóòró. Àtàǹpàkò àgbàlagbà fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.